Aṣọ Funfun Tí Mo So Káàkiri Kemta

Wọlé-wọlé ni mí nígbà náà. Mi ò fi bò rárá, torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni. Láyé ìjọba alágbádá, kí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba padà tí gbogbo ìlú wá ń gbálẹ̀ tipátipá láàárọ̀ Sátidé, àwa díẹ̀ la wà ní ọ́fíìsì ìmọ́tótó ní Ìbarà, èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín wa. Kakí ni mo máa ń wọ̀. Bàtà mi le, ìró rẹ̀ sì máa ń ṣíwájú mi gun àtẹ̀gùn òkúta Kemta. Kí n tó dé àgbàlá kan, wọ́n á ti gbá a, wọ́n á ti kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ dànù, ẹni tó fẹ́ da omi ìdọ̀tí sí gọ́tà á ti gbé báfù rẹ̀ sá wọlé. Èmi á bẹ̀rẹ̀ wo inú àmù omi wọn bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Àwọn ìyá á máa kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ o," ṣùgbọ́n ojú wọn ò ní kúrò lára báírò tó wà lápò mi, tí mo fi ń kọ sámáǹsì. Iṣẹ́ mi ni kí wọ́n bẹ̀rù mi díẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé kí n máa wo afẹ́fẹ́. Omi, gọ́tà, ṣáláńgá, ẹran ọjà, ìwọ̀nyẹn la kọ́. Afẹ́fẹ́ kò ní ìdérí téèyàn máa ṣí wò. Ọmọ mi ló fi ipá kọ́ mi, àní títí dòní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, mo máa ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Kemta ni ilé ọkọ mi wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ sára òkè, tó fẹ̀yìn ti àpáta. Oníṣòwò aṣọ ni ìdílé wọn, mùsùlùmí sì ni wọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èmi ọmọ Ọ̀fàdà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ni wọ́n fẹ́ wọlé, a sì ń gbé pọ̀ láìjà. Ọkọ mi kì í sábà sí nílé, ọ̀nà Èkó àti Kánò ló máa ń wà nítorí ọjà, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń ṣe ilé. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ mú. Èmi náà ní ẹnu tèmi, ẹ má gbàgbé irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí nígbà yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ìwé nígbà tí ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ìdájí ló máa ń dé sí i, nígbà tí àwọn tó ń kírun bá ń múra àtijí. A óò gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń súfèé. Á dìde jókòó, á na ọrùn, á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kó tó tún wá èémí. Lẹ́yìn náà á wò mí. Mo kórìíra ìwò yẹn. Ó ń wo èmi tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, èmi náà ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìyá ní òtútù ni. Ó wọ súwẹ́tà fún un nínú ooru, ó fi àdí pa á láyà, ó ti fèrèsé. Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo Kemta pé kí wọ́n máa ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo ní a ò ní tì í. Bí mo bá ṣí i, á tì í. Bó bá tì í, màá ṣí i. Lọ́jọ́ kan Ìyá bi mí, "Ìyàwó, ṣé ìjọba ló ni àyà ọmọ yìí ni?" Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé òtútù ló ni ín ni?" Ọmọ ń wúkọ́ láàárín àwa méjèèjì. Ṣíṣí o, títì o, bákan náà ló rí fún un.

Dókítà fún un lóògùn, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún gbé e dé, tí a tún gbé e dé, dókítà bi mí pé kí ló wà láyìíká ilé wa. Mo ní ilé bíi ti gbogbo èèyàn ni. Ó ní, "Èéfín tàbí eruku kan ń bẹ tí àyà ọmọ yìí ò gbà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ ná, ká wò ó." Bí mo ṣe di ẹrù ọmọ mi nìyẹn tí mo gbé e lọ sí Ọ̀fàdà fún ìyá mi. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn bi mí pé ta ni á máa bá Ìyá di tẹ̀sùbáà mú bí wọ́n bá ń ṣe àdúà. Èmi ni mo sunkún nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà. Mo kọjú sí fèrèsé kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí mi.

Ẹ wá wo nǹkan. Ọ̀fàdà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣaláìní èéfín. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bọ ìrẹsì níta, igi ń jó lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù wọn, ṣùgbọ́n gbangba ni, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Nígbà tí mo lọ wo ọmọ mi, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí ìrẹsì tí wọ́n sá, ó ń sáré, ó ń pariwo, àyà rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé etí lé e. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni inú mi bàjẹ́, torí mo mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀, ilé ìwé wà ní Ọ̀fàdà. Ọkọ mi dé láti Kánò, òun náà ní ká fi í sílẹ̀, ẹ̀mí ọmọ ṣáájú. Àwọn kan ní ká kó lọ sí Ìbarà. Ilé ìjọba tó wà níbẹ̀ kì í ṣe fún irú wọlé-wọlé bíi tèmi, ọkọ mi sì ni àkọ́bí Ìyá, kò sẹ́ni tó máa fi obìnrin náà sílẹ̀ lóun nìkan lórí òkè. Ọ̀rọ̀ náà ò wá lọ́jú pọ̀ mọ́. Bí mi ò bá rí ohun tó ń ṣe ọmọ mi ní Kemta kí ilé ìwé tó wọlé, Ọ̀fàdà ni yóò gbé dàgbà, èmi á sì di àlejò tó ń ra bisikíìtì wá wò ó. Mi ò lè gbà á. Mo sọ ọ́ sókè nínú balùwẹ̀, èmi nìkan, pé mi ò lè gbà á.

Ọ̀gá mi ní Ìbarà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń mu gààrí lọ́sàn-án. Mo ní mo fẹ́ mọ ibi tí èéfín ti ń wọ Kemta. Ó gbójú sókè. Ó ní òfin mẹ́nu ba èéfín lóòótọ́, "ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, rúlà?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara mi gbóná. Òótọ́ kúkú ni. Mi ò mọ ẹ̀rọ kankan tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní gbogbo Abẹ́òkúta nígbà yẹn.

Ohun tí mo wá rántí ni pé nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́, olùkọ́ wa kan sọ pé bí a bá fi ọ̀rá pa ohun funfun tí a sì gbé e síta, á mú ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́. Mo mú bẹ́dìṣíìtì funfun kan tó ti gbó, mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi fasilíìnì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so ó káàkiri. Mo so ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí lọ́rì ń gbà. Mo so ọ̀kan síbi tí wọ́n ti ń lagi, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Mo so ọ̀kan sí iwájú ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ òkè wa, mo wá so àwọn tó kù sí iwájú ilé àwọn èèyàn, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Èyí tó kẹ́yìn, fèrèsé yàrá ọmọ mi ni mo so ó sí. Kakí ló wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí. Ẹni tó bá bi mí, mo ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni. Mò ń padà bọ̀ wá wò ó bóyá ó dọ̀tí."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Wọlé-wọlé so aṣọ funfun síwájú ilé yín, ó ní òun ń padà bọ̀ wá wò ó bóyá ó dọ̀tí. Kí lẹ máa ṣe?

Ọ̀sẹ̀ parí, mo lọ kó wọn. Àkọ́kọ́ funfun, inú mi dùn. Èkejì funfun ju bí mo ṣe so ó lọ. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti fi búlúù sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ojú áyọ́ọ̀nù hàn lára rẹ̀. Níwájú, ìyá arúgbó kan ti ká tirẹ̀ sínú àwo, ó gbé e fún mi tọwọ́tọwọ́. Ó ní, "Wọlé-wọlé, ẹ má bínú o. Ọ̀rá kan ta sí i lára, ọṣẹ dúdú ni mo fi bó o. Ilé tiwa mọ́." Ibi tí wọ́n ti ń lagi pàápàá, níbi téèyàn ò ti lè rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nítorí eruku pákó, aṣọ tiwọn ń dán. Àwọn géńdé tí kì í fọ aṣọ ara wọn ló jókòó fọ aṣọ mi.

Àfi ọ̀kan. Èyí tó wà ní fèrèsé ọmọ mi, tí kò sẹ́ni tó láyà láti wọ yàrá náà lọ fọ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Gbogbo Kemta mọ́ tónítóní, ilé wọlé-wọlé nìkan ló dọ̀tí. Ẹni tí mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé kí òun wá bá mi gbálẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá ọmọ mi lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú yẹn lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ ń bínú sí gbogbo wọn. Ó ṣe díẹ̀ ni mo wá rí i pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe ju ohun tí wọ́n máa ń ṣe lọ bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà mi.

Ìyá wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ó gba aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó wo àtàǹpàkò náà, ó dúdú.

Ó ní, "Ohun tí ọmọ yìí ń fà símú nìyí?"

Mo ní, "Òun ni, Ìyá."

Ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ́ kakí yẹn sílẹ̀, Ìyàwó. Jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

Kí èmi lọ máa bẹ èèyàn? Kò mọ́ mi lára rárá. Ṣùgbọ́n mo ró ìró, mo wọ bùbá, mo we gèlè, mo sì tẹ̀lé Ìyá lẹ́yìn láti ilé dé ilé. Ìyá á kọ́kọ́ jókòó. Á kí wọn kú ilé, á bèèrè ara àwọn ọmọ, á bèèrè ọjà. Ìgbà yẹn ni á tó wá sọ pé, "Ọmọ wa ò lè mí. Ìyá rẹ̀ ń wá ohun tó ń ṣe é. Kò sí sámáǹsì níbẹ̀, ẹ máà bẹ̀rù." Èmi á wá kúnlẹ̀, màá so aṣọ tuntun, màá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí." Ìyá arúgbó ọlọ́ṣẹ dúdú ní látìgbà tí òun ti dáyé, wọlé-wọlé ò bẹ òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, ara sì tù mí díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe la ẹnu nìyẹn. Ọ̀kan ní bí òun bá sá aṣọ funfun sílẹ̀ mọ́jú, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ máa ń bà á. Òmíràn ní òun máa ń rí i lójú omi nínú báfù. Ìyàwó kan tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa ní ọmọ òun náà ń wúkọ́ nídàájí, òun kàn rò pé ikọ́ ìdílé ni. Ó ti pẹ́ tí gbogbo wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún wọlé-wọlé pé ìdọ̀tí wà nílé òun?

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò sẹ́ni tó fọ nǹkan kan. Aṣọ títì pọ́n, eruku lásán ni. Aṣọ ibi tí wọ́n ti ń lagi pọ́n jù ú lọ, ìyẹ̀fun pákó bò ó, àmọ́ kò dúdú. Mo to àwọn tó kù sórí ẹní Ìyá bí ilé ṣe tẹ̀léra gòkè. Ti ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ilé tó tẹ̀lé e ti ń ṣú díẹ̀. Bí òkè ṣe ń ga ni aṣọ ń dúdú sí i, títí ó fi dé ti fèrèsé ọmọ mi. Èmi àti Ìyá wò ó, a wo ara wa.

Ilé búrẹ́dì náà ni. Ìsàlẹ̀ òkè ló wà, ọ̀pá èéfín rẹ̀ sì kúrú, ó kàn yọ lórí páànù ni. Bí òkè ṣe rí, ibi tí ẹnu ọ̀pá náà parí sí ni ilé tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tú èéfín sójú fèrèsé wa tààrà. Ṣáájú ìrun àsùbáà ni wọ́n máa ń dáná, nínú òkùnkùn, nígbà tí èémí ọmọ ti gba gbogbo ọkàn mi. Nígbà tí a bá fi ṣílẹ̀kùn, èéfín ti lọ, òórùn búrẹ́dì gbígbóná nìkan ló kù. A ti yin òórùn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ mi ò sì jẹ búrẹ́dì míì lẹ́yìn tibẹ̀.

Àlájì tó ni ilé búrẹ́dì náà kì í ṣe ẹni tí mo lè jágbe mọ́. Àgbàlagbà ni, ẹni ọ̀wọ̀ ni ládùúgbò, òun ló sì gbé ọmọ mi lọ́wọ́ ṣàdúà fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo ní mo lè fún un ní sámáǹsì. Ìyá ní, "Bó o bá gbé e lọ kóòtù, á sanwó ìtanràn, á sì máa dáná rẹ̀ lọ." A lọ bá a lẹ́yìn ìrun alásàárì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé gọ́tà wa ni?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá," mo sì tẹ́ àwọn aṣọ náà síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ti iwájú ilé tirẹ̀, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Tiwa mọ́."

Mo ní, "Ó mọ́, Bàbá."

"Kí wá lẹjọ́ tiwa?"

Kò bínú. Ó bi mí tinútinú ni. Ó ní láyé bàbá òun ni ààrò náà ti wà níbẹ̀, òun àti àwọn ọmọ òun ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́. Ẹnu mi ti yá, mo ti fẹ́ fèsì, ni Ìyá bá já mi léèékánná nítan. Ó ní, "Àlájì, ẹ dákun, ẹ wá jókòó sí yàrá ọmọ wa lọ́la. Kí ẹ wá ṣáájú kí wọ́n tó dáná. Ẹ kírun yín nílé wa."

Ó dé. Ó gun àtẹ̀gùn náà jẹ́jẹ́, ó ń sinmi, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn, mo ti ṣí fèrèsé. Èmi àti Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní àkọ́kọ́, atẹ́gùn tútù nìkan ló ń wọlé. Ojú ń tì mí, mo ń rò ó pé bóyá mo ti da àgbàlagbà láàmú lásán. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, òórùn rọ́bà sì ta wá nímú. Èéfín náà tẹ̀lé e. Kì í ṣe ńlá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó tẹ̀ níbi fèrèsé, ó sì wọlé bí ẹni tó mọ ilé. Àlájì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó fi ọwọ́ jalámíà rẹ̀ bo imú, ó tún wúkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ó wo sálúbàtà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ibí yìí ló ń sùn?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Mọ́sáláṣí ni mo máa ń wà bí wọ́n bá ń dáná yìí. Mi ò rí i rí."

Kò mu tíì tí a gbé sílẹ̀ fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń bi wọ́n pé irú iná wo nìyẹn. Táyà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ àti sálúbàtà rọ́bà tó ti já ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń dáná, torí igi wọn tutù, kì í tètè gbiná. Ohùn rẹ̀ lọ sókè gan-an. Ìyá ní kí n má rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́ ló ń rẹ́rìn-ín, òun ni.

Ọjọ́ yẹn ni rọ́bà parí nínú ààrò náà. Wọ́n ta àtíbàbà kan fún igi kí òjò má máa pa á. Lẹ́yìn èyí, Àlájì pe wẹ́dà kan, wẹ́dà náà gé ìdí dúrọ́ọ̀mù kúrò, ó ń jó ọ̀kan mọ́ orí ìkejì, títí ọ̀pá èéfín fi ga kọjá òrùlé wa. Gbogbo Kemta ló wá wòran. Àwọn ọkùnrin tí kò rí iṣẹ́ ṣe ń pàṣẹ fún wẹ́dà láti orí àpáta, wọ́n ní ó wọ́, wọ́n ní kò wọ́. Wọ́n fi wáyà dè é mọ́ òkúta. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dáná sí i, èéfín jáde lókè, atẹ́gùn orí òkè gbà á, ó gbé e rékọjá àpáta. Ìyá ní, "Alihamudu lilahi." Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tèmi, a sì di ara wa lọ́wọ́ mú bí ọmọdé.

Mo tún so aṣọ míì sí fèrèsé. Nígbà tí mo tú u, kò funfun báláú, eruku ọyẹ́ mú kó pọ́n díẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò rà á. Àtàǹpàkò mi mọ́. Mo rà á títí, Ìyá ní kí n jọ̀ọ́ aṣọ náà kó má baà lu.

Mo lọ gbé ọmọ mi wá sílé kí ilé ìwé tó wọlé. Mo ṣì ń bẹ̀rù, mi ò ní purọ́. Bí ìdájí bá ti ń súnmọ́, màá la ojú sílẹ̀, màá máa retí kí àyà rẹ̀ súfèé. Dípò bẹ́ẹ̀, àkùkọ á kọ, Ìyá á jí kírun, ọmọ á sì máa sùn lọ. Ikọ́ náà kò lọ pátápátá, bí ọyẹ́ bá le a ṣì ń lo oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń lé ọmọ kúrò nílé mọ́. Ọmọ ìyàwó tó wà nítòsí wa náà ṣíwọ́ ikọ́.

Ní Ìbarà, ọ̀gá mi gbé gààrí rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà. Ó ní ká so aṣọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta pẹ̀lú, ká so ó sí àwọn àdúgbò míì àti àwọn ìlú tó yí wa ká. Rúlà tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi yẹn gan-an la fi wọn aṣọ kí wọ́n lè dọ́gba. Mo kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n bọ́ kakí kí wọ́n tó lọ so ó, kí wọ́n sì bẹ àwọn onílé kí wọ́n jẹ́ kó dọ̀tí. Àwọn ibì kan gbọ́, wọ́n tún iná wọn ṣe. Àwọn ibì kan ò gbọ́. Èmi ò ṣíwọ́ síso ọ̀kan sí fèrèsé ọmọ mi, màá tú u, màá mú un lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú àwọn yòókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé láti tú u, mi ò bá a níbẹ̀. Inú bí mi. Mo ní wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ti lọ fọ̀ ọ́. Mo pe Ìyá pé ta ló wọ yàrá ọmọ. Ìyá kàn fi ẹnu júwe ìta.

Ọmọ mi ló ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, láti ilé búrẹ́dì. Ó ti fi aṣọ ìjọba pọn ọmọláńgidi rẹ̀ sẹ́yìn, fasilíìnì ti ta sí gbogbo aṣọ ilé ìwé rẹ̀, búrẹ́dì gbígbóná wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ń sáré gun àtẹ̀gùn. Mo dúró dè é lókè, mo ti múra ìbínú sílẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, kò jókòó, kò di orúnkún mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní Àlájì ló fún òun ní búrẹ́dì, ó ní ewúrẹ́ fẹ́ já a gbà, ó ní òun bá ewúrẹ́ jà, ó ní ọmọláńgidi òun ń sunkún, nítorí ìyẹn lòun ṣe pọ̀n ọ́n, ó ní kí n má bínú, òun máa dá aṣọ náà padà bó bá sùn. Gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra, kò dúró mí láàárín.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní kó tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.